Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Lára Ẹyẹ àti Àwọn Ẹ̀dá Mìíràn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ṣé Bíbélì ló ní ká máa kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹyẹ, àbí èèyàn ló gbé e kalẹ̀?

Bíbélì ni, ó sì pa á láṣẹ. Nínú Mátíù 6:26, Jésù ní ká wo àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ṣíjú wo nǹkan tó sì kọjá lọ. Ti ẹni tó tẹjú mọ́ ọn ni. Nígbà tó kan òdòdó lílì ní ẹsẹ 28, ọ̀rọ̀ tó lò tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: katamathete, ìyẹn ni pé kí a kọ́ nípa rẹ̀ títí yóò fi yé wa yékéyéké. Ìdí kan náà tí ọ̀rọ̀ yìí ti yọ ni mathetes, tí a ń pè ní ọmọ ẹ̀yìn, ti yọ. Ẹni tó bá jókòó ti òdòdó kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ló ń ṣe.

Jésù kọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jóòbù 12:7 ní ká bi ẹranko àti ẹyẹ léèrè ọ̀rọ̀. Òwe 6:6 rán ọ̀lẹ lọ sílé ìwé èèrà. 1 Àwọn Ọba 4:33 sọ pé Sólómọ́nì a máa sọ̀rọ̀ nípa igi, ẹranko, ẹyẹ, ohun tó ń rákò àti ẹja. Lẹ́yìn wọn ni irú John Ray (1627 sí 1705), ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ to ewéko àti ẹyẹ lẹ́sẹẹsẹ nítorí ó gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run yẹ ní kíkà, àti John Stott, oníwàásù ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó ń wo ẹyẹ láti kékeré títí dọjọ́ ogbó. Ní ọdún 1983, àwọn Kristẹni kan dá ẹgbẹ́ A Rocha sílẹ̀ ní ilẹ̀ Pọtogí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹyẹ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀dá là ń bọ báyìí?

Rárá, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká dúró. Róòmù 1:20 sọ pé agbára Ọlọ́run hàn nínú ohun tó dá. Ẹsẹ 25 sì bá àwọn tó sin ẹ̀dá dípò Ẹlẹ́dàá wí. Ẹni tó gba lẹ́tà bàbá rẹ̀ á kà á, kò ní kúnlẹ̀ fún bébà. Ẹ má sì gbàgbé pé ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí ń parí sí: kò sí ẹyẹ kankan tó lè sọ fún yín pé Kristi kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ìwé Mímọ́ nìkan ló lè sọ ìyẹn, òun náà la ó sì fi máa yẹ gbogbo ohun tí a bá rò pé ẹyẹ kọ́ wa wò.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ibì kan, àkókò kan, àti ogún ìṣẹ́jú. Kí ibẹ̀ jẹ́ ibi tí ẹ lè padà sí lójoojúmọ́: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, abẹ́ igi, etí odò. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ló dára jù, nítorí ebi ti pa ẹyẹ mọ́jú, wọ́n ń wá oúnjẹ kiri, orin wọn sì pọ̀. Ọ̀sán gangan kì í mówó wọlé. Inú ibòji ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà. Bí àárọ̀ kò bá rọrùn, ìrọ̀lẹ́ ló tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sára ẹyẹ. Ẹ pa fóònù. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún olùbẹ̀rẹ̀ jù ni pé ó máa ń dìde ní ìṣẹ́jú karùn-ún, tí á sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹyẹ ti rí yín nígbà tí ẹ ń bọ̀, wọ́n sì ti dákẹ́. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà pé ẹ kò wá pa wọ́n lára. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kejì ni ẹ̀kọ́ wà.

Awò olójú méjì tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ dára, kò pọn dandan. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló tẹ́ olùbẹ̀rẹ̀ lọ́rùn: ó ń fa nǹkan súnmọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 42, nítorí náà ó ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá lágbára jù ú lọ a máa gbọ̀n lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú lásán mú ẹyẹ náà, kí ẹ má ṣe gbé ojú kúrò, kí ẹ wá gbé awò bọ ojú.

Lẹ́yìn náà, ìwé àkọsílẹ̀. Ojú ewé òsì ni ẹ ó kọ ohun tí ẹ rí sí. Ojú ewé ọ̀tún ni ti ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹ má fọwọ́ kan ojú ewé ọ̀tún títí ìlà tó wà lápá òsì yóò fi pé mẹ́wàá. “Ó ń yin Ọlọ́run” kì í ṣe ohun tí ẹ rí. “Ó kọrin lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí ẹ̀ka kan náà, ó dákẹ́ nígbà tí àṣá kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀” lẹ rí. Ẹni tó bá sáré lọ sápá ọ̀tún, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ síbẹ̀, ẹyẹ náà kò sì ní kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ dúró ti ẹyẹ kan fún oṣù kan gbáko. Ó sàn ju ọgbọ̀n ẹyẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Jésù ní ẹyẹ kì í fúnrúgbìn. Ṣé ká má ṣiṣẹ́ mọ́ ni?

Ẹ wo ẹyẹ tó ń bọ́ ọmọ kí ẹ tó dáhùn. Takọtabo ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní great tit ní Yúróòpù lè gbé kòkòrò wá sínú ìtẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ọjọ́ kan. Ọlọ́run ń bọ́ wọn, àmọ́ kò ju oúnjẹ sẹ́nu wọn nínú ìtẹ́. Iṣẹ́ kọ́ ni Jésù mú kúrò níbẹ̀, àníyàn ni.

Àwọn kan tún máa ń bi wá pé, bí ẹyẹ kan bá ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí olùkọ́ Bíbélì lè dáhùn rẹ̀. Ẹyẹ jay máa ń bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èso igi oak mọ́lẹ̀ kí òtútù tó dé, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀; èyí tí kò bá padà wá wú níbẹ̀ a máa hù, igi oak á sì jáde níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Òwe 6:8 pẹ̀lú yin èèrà nítorí ó ń kó oúnjẹ jọ nígbà ìkórè. Nítorí náà, ìfipamọ́ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ka Lúùkù 12 láti ẹsẹ 16: ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan fẹ́ wó àká rẹ̀ kó kọ́ èyí tó tóbi jù, ó sì ń sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé kó sinmi, nítorí ọrọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yìn ìtàn yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti wọlé. Ibi tí ọkàn sinmi lé ni Jésù ń bá wí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwò ni Lúùkù dárúkọ ní ẹsẹ 24. Léfítíkù 11:15 ka ìwò mọ́ ẹyẹ aláìmọ́. Júù kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè fi rúbọ. Síbẹ̀ Sáàmù 147:9 ní Ọlọ́run ń fún àwọn ọmọ ìwò lóúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń ké. Òun kan náà ni Ọlọ́run fi gbé búrẹ́dì àti ẹran fún Èlíjà láàárọ̀ àti lálẹ́ nínú 1 Àwọn Ọba 17. Ẹyẹ tí kò wúlò fún pẹpẹ, tí kò wúlò fún ìkòkò ọbẹ̀, ó ń jẹun lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Fún ẹni tí àníyàn bò mọ́lẹ̀, ẹ dán èyí wò. Ẹ kọ ohun kan tó ń da ọkàn yín láàmú sókè ìwé. Ẹ wá ẹyẹ tó ń jẹ nílẹ̀, kí ẹ fi ìlà kéékèèké ka iye ìgbà tó ṣá ilẹ̀, kí ẹ yí ìlà tó rí nǹkan jẹ ká. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń ṣá ilẹ̀ lásán. Kì í sì í dúró sọ̀fọ̀ èyí tó ṣòfò. Ó ti kan ibòmíràn. Ẹ wá ka Mátíù 6:34 lórí ìwé tí ẹ ti fi ìlà kún yẹn.

Kí ni ọ̀rọ̀ ológoṣẹ́ méjì àti ológoṣẹ́ márùn-ún?

Nínú Mátíù 10:29, ológoṣẹ́ méjì ni owó idẹ kan. Nínú Lúùkù 12:6, márùn-ún ni owó méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀: owó méjì yẹ kó ra mẹ́rin. Ènì ni ìkarùn-ún! Owó idẹ yẹn, tí wọ́n ń pè ní assarion, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún denarius, denarius kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nínú Mátíù 20:2. Oúnjẹ tálákà ni ológoṣẹ́, èyí tí ọlọ́jà sì fi ṣe ènì kò ní iye kankan rárá. Òun gan-an ni Jésù ní Ọlọ́run kò gbàgbé.

Ibi tí àwọn oníwàásù ti ń ṣìnà nìyí: Jésù kò sọ pé ológoṣẹ́ kò ní jábọ́. Ó ní kò ní jábọ́ lẹ́yìn Baba. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké kì í lo ọdún kan láyé. Ẹni tó bá fi ẹsẹ yìí ṣèlérí pé ibi kankan kò ní kan Kristẹni ti ta ohun tí Jésù kò tà. Àwọn tó sọ ọ́ fún pàápàá, àwọn tí wọ́n lè pa ni.

Mo gbọ́ pé bí idì bá pé ogójì ọdún, a lọ sórí òkè, a fi àgógó gbá àpáta títí yóò fi ṣẹ́, a fa èékánná àti ìyẹ́ rẹ̀ tu, lẹ́yìn oṣù márùn-ún a di ọ̀dọ́, á tún lo ọgbọ̀n ọdún. Ṣé òótọ́ ni?

Kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. A mọ̀ pé ó dùn ún fi wàásù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ọ̀pọ̀ idì inú igbó kì í dé ogójì ọdún. Ogún sí ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀mí gígùn fún irú bíi bald eagle ti Amẹ́ríkà. Àgógó idì dà bí èékánná wa: ó ń dàgbà lójoojúmọ́, ẹran àti egungun tó ń ya sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kì í gùn kọjá ààlà. Bí ó bá ṣẹ́ dé egungun, kì í hù padà bó ṣe wà. Idì tí kò ní àgógó kò lè ya ẹran, èyí tí kò ní èékánná kò lè mú un. Ebi yóò ti pa á kú tipẹ́tipẹ́ kí oṣù márùn-ún tó pé. Jóòbù 13:7 bi àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù bóyá wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tàn sọ̀rọ̀ fún Ọlọ́run. Bí ọmọ ìjọ kan bá lọ wádìí ìtàn yìí tó rí i pé irọ́ ni, kí ni yóò rò nípa ohun tó kù tí a sọ fún un lórí àga ìwàásù?

Ohun tó jẹ́ òótọ́ dùn jù ú lọ. Ìyẹ́ tó ti dàgbà tán kò ní ẹ̀mí nínú mọ́. Bó bá gbó tàbí tó ṣẹ́, kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Nítorí náà ẹyẹ a máa pààrọ̀ ìyẹ́. Idì kì í bọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì, tuntun á hù, òmíràn á tún bọ́. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ kó tó yí gbogbo ìyẹ́ apá rẹ̀ po, bẹ́ẹ̀ ni kò dáwọ́ fífò dúró ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ ka Sáàmù 103:5 pẹ̀lú èyí lọ́kàn. Ìsọdọ̀tun tó ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni.

Ti pẹ́pẹ́yẹ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń bọ́ gbogbo ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò pọ̀ ní ìgbà kan náà, wọn kò sì lè fò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Inú koríko etí omi ni wọ́n máa ń fara pa mọ́ sí. Ẹni tí ó wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ, ibi ìfarapamọ́ ló ń wá. Ẹ má ṣe bi í pé kí ló dé tí kò fò.

Kí wá ni Aísáyà 40:31 ń sọ?

Ẹ wo ẹyẹ ńlá kan láàárọ̀: idì, àṣá tàbí igún. Nígbà tí àwọn ẹyẹ kéékèèké ti ń sáré kiri, yóò wà lórí ẹ̀ka, ó ń wò. Ọ̀lẹ kọ́. Ara rẹ̀ wúwo, bó bá ń fi apá lu afẹ́fẹ́ ṣáá, agbára rẹ̀ yóò tán kíákíá. Ó ń dúró de oòrùn kó mú ilẹ̀ gbóná. Bí ilẹ̀ bá gbóná, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ a gbóná, a sì máa gòkè. Nígbà náà ni yóò na apá gbọọrọ, tí á máa yí po nínú afẹ́fẹ́ náà, ó ń ròkè, bóyá lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni yóò lu apá. Tó bá dókè pátápátá, a fi ara sílẹ̀, a rọra yọ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ mìíràn ti ń gòkè.

Kò sí ohun tó gbé e lọ sókè nínú èyí tó jẹ́ agbára tirẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó na apá kó má sì lọ kí àkókò tó tó. Aísáyà ní àwọn tó *dúró de* Olúwa ni yóò fi ìyẹ́ gòkè. Ẹ kọ aago tí oòrùn yọ àti aago tí ẹyẹ ńlá àkọ́kọ́ gbéra sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ìyàtọ̀ ọjọ́ oòrùn sí ọjọ́ ìkùukùu yóò hàn sí yín.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí idì, nesher, gba igún náà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí Míkà 1:16 fi sọ̀rọ̀ orí rẹ̀ tó pá.

Kò sí idì nítòsí mi. Ẹyẹ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Adìyẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré èyí, nítorí nígbà tí Jésù ń dárò Jerúsálẹ́mù nínú Mátíù 23:37, kò fi ara rẹ̀ wé idì. Àgbébọ̀ adìyẹ tó ń ràdọ̀ bo ọmọ rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ wé.

Ẹ jókòó ti àgbébọ̀ kan láti ìgbà tó bá ti sàba. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ a ré kúrò kí awọ ara rẹ̀ tó gbóná lè kan ẹyin ní tààràtà. Ẹ lè rí ibi tó pá yẹn bó bá dìde. Ó ń fi ẹnu yí ẹyin lójoojúmọ́. Ekukáká ló fi ń dìde lọ jẹun, ó sì ń rù. Nígbà tí òròmọdìyẹ bá jáde, wọn kò tíì lè mú ara wọn gbóná, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni ooru wọn wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fetí sí ohùn rẹ̀: bó bá rí oúnjẹ, a máa pè wọ́n ní kù-kù-kù kíákíá, á gbé e, á jù ú sílẹ̀ fún wọn. Bí àṣá bá yọ lókè, ohùn mìíràn ni, gbogbo wọn á sì sá wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í fi ẹnu gbé wọn wọ abẹ́ apá. Ó ń pè ni, ó ń tẹ̀ ba, ó ń la apá. Òròmọdìyẹ tí kò bá wá, ìta ló wà. “Ẹ̀yin kò sì fẹ́” ni Jésù fi parí ẹsẹ náà.

Ṣé ẹ̀kọ́ kan wà tí mo lè fi ọwọ́ kàn?

Ẹ wá ìyẹ́ kan tó já bọ́ sílẹ̀, èyí tó gùn tó ìka. (Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gba èèyàn láyè láti tọ́jú ìyẹ́ ọ̀pọ̀ ẹyẹ igbó. Ìyẹ́ adìyẹ ń ṣe é níbi gbogbo.) Ẹ fi èékánná ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan: á pínyà, àlàfo á ṣí. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú un láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fà á rọra lọ sókè. Á dí padà bí ẹni pé kò ya rí. Ìkọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló wà lára àwọn fọ́nrán náà tó ń gbá ara wọn mú.

Ohun tí ẹ ṣe yẹn ni ẹyẹ ń fi àgógó ṣe lójoojúmọ́, ìyẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń mú òróró láti ibi kékeré kan nídìí ìrù, wọ́n ń fi pa ara. Ẹyẹ tí àìsàn mú kò ní ṣe é mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á rí wúruwùru, omi á wọ̀ ọ́ lára, kò ní lè fò dáadáa. Ìyapa kékeré láàárín ẹni méjì nínú ìjọ rí bẹ́ẹ̀: lójú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìka méjì ló ń dí i. Éfésù 4:26 fún un ní gbèdéke: kí oòrùn tó wọ̀.

Kí ni Jeremáyà 8:7 ń fẹ́ ká rí?

Pé ẹyẹ mọ ìgbà tó yẹ kó padà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń lọ láti Yúróòpù dé gúúsù Áfíríkà wọ̀n tó nǹkan bí 20 gíráàmù, ìrìn rẹ̀ sì tó 10,000 kìlómítà ní àlọ nìkan. Òmíràn a sì padà sí ilé kan náà tó kọ́ ìtẹ́ sí lọ́dún tó kọjá. Ní 2022, ọmọ ẹyẹ bar-tailed godwit kan tó ní ẹ̀rọ atọpinpin lára fò láti Alaska ní Amẹ́ríkà dé Tasmania ní Ọsirélíà, 13,560 kìlómítà, ní ọjọ́ mọ́kànlá, láì bà níbì kankan. Ẹyẹ àkọ̀ tí Jeremáyà dárúkọ kì í fẹ́ gba orí òkun ńlá kọjá, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé e ròkè kò sí lórí omi bó ṣe wà lórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe ń gba orí ilẹ̀ Ísírẹ́lì lọ́dọọdún. Àwọn tí wòlíì ń bá wí lè gbé ojú sókè rí ohun tó ń sọ.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀?

Àwọn àgbà ní ohun tí wọ́n ń fi òwe yẹn sọ nípa ìwà ọmọ aráyé. Ní ti ẹyẹ gangan, ó ń sọ. Bí àṣá bá ń fò bọ̀, ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké a ké tín-ín-rín kan tó ṣòro fún àṣá láti mọ ibi tó ti wá, gbogbo igbó á sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé òwìwí ló bà síbì kan, igbe líle mìíràn ni, wọ́n á kóra jọ lé e lórí títí yóò fi kúrò. Ẹyẹ mìíràn tí kì í ṣe irú wọn náà ń gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, ó sì ń sá. Ẹ fi Ìsíkíẹ́lì 33:6, ọ̀rọ̀ olùṣọ́ tí kò fun kàkàkí, ti èyí.

Àwọn ẹyẹ kan burú. Kí ni ká fi tiwọn ṣe?

Ọmọ ẹyẹ cuckoo kan, tí wọ́n yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ onítẹ̀ẹ́, á fi ẹ̀yìn ti ẹyin àwọn ọmọ onílé jábọ́ kí ojú rẹ̀ tó là. Kò sí ẹni tó ní ká lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà ẹ̀dá kì í ṣe òfin. Àpèjúwe ni, Ìwé Mímọ́ ló sì ń sọ èyí tó yẹ ní títẹ̀ lé. Jésù fúnra rẹ̀ fi ẹyẹ ṣe àpèjúwe ẹni ibi tó ń ṣa irúgbìn jẹ, ní Mátíù 13:4 àti 19.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣọ́ra fún ìtàn dídùn. Wọ́n ní àdàbà kò ní òróǹro nínú, nítorí náà kò ní ìkorò. Lóòótọ́ ni kò ní àpò òróǹro, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe omi òróǹro náà bó ti yẹ, àdàbà méjì nínú àgò kan sì lè ṣá ara wọn pa. Wọ́n ní ẹyẹ òfú ń fi ẹ̀jẹ̀ àyà rẹ̀ bọ́ ọmọ. Ẹja ló fi ń bọ́ wọn.

Òwìwí ké lórí òrùlé mi. Ṣé àmì kan ni?

Òwìwí ń pe ìyàwó rẹ̀ tàbí ó ń kìlọ̀ fún òwìwí mìíràn pé ibẹ̀ ní olóhun. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wo ìfò ẹyẹ láti mọ ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́. Diutarónómì 18:10 sì ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn èèyàn Ọlọ́run. Bí ohun tí ẹ gbà lọ́dọ̀ ẹyẹ bá jẹ mọ́ irú ìwà tí Ọlọ́run ní, ẹ̀kọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ó ń sọ ẹni tí ẹ máa fẹ́ tàbí ẹni tó ń ṣọ̀tá yín, àfọ̀ṣẹ ni, ẹ jù ú nù.

Kí ni mo lè ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọdé?

Irúgbìn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í fò lọ. Ẹ rẹ hóró ẹ̀wà márùn-ún sómi mọ́jú. Ẹ fi aṣọ tàbí tíṣù tútù yí inú ife dígí po, kí ẹ ki ẹ̀wà sáàárín aṣọ àti dígí kí wọ́n lè máa rí i. Ẹ máa wọ́n omi sí i lójoojúmọ́. Kó tutù, kó má lé téńté. Omi tó bá bo hóró mọ́lẹ̀ ló ń mú un jẹrà, ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù nìyẹn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, gbòǹgbò á yọ, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ kí ewé tó gòkè. Títí ewé fi máa là, hóró náà á ti máa rọ, awọ rẹ̀ á ṣí kúrò. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ka Jòhánù 12:24. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ẹ̀wà wà.

Èmi kò lè rí ẹyẹ níbi tí mo ń gbé, tàbí ojú mi kò ríran dáadáa.

Etí tó. Ẹ di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ na ìka kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan tó yàtọ̀. Ewéko náà wà, àti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀: ẹni tó ń gbin àjàrà máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀ka ọdún tó kọjá kúrò, nítorí orí ọ̀mùnú tuntun láti ara ẹ̀ka ọdún kan ni èso ń so sí. Àjàrà tí wọn kò gé á kún fún ewé, èso rẹ̀ á wẹ́. Ẹ fọwọ́ kan igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ ó rí i pé ó ń ṣomi. Ẹ wá jẹ́ kí ẹnì kan ka Jòhánù 15:2 sí yín létí.

Ṣé mo lè máa fún wọn lóúnjẹ?

Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá lè máa fọ̀ ọ́. Àwo oúnjẹ àti omi tó dọ̀tí ń kó àìsàn ran ẹyẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ó kéré tán lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Hóró ọkà sàn ju búrẹ́dì, tó ń kún ikùn wọn láì fún wọn ní okun. Ẹ má súnmọ́ ìtẹ́. Bí ìyá ẹyẹ bá ń fò yí yín ká tó ń ké, ẹ ti súnmọ́ jù, ẹ padà sẹ́yìn. Diutarónómì 22:6 àti 7 kọ̀ ká kó ìyá pẹ̀lú ọmọ, ó sì fi ẹ̀mí gígùn sí òfin kékeré yẹn, irú ìlérí tó fi sí ti bíbọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá.

Mo jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹyẹ kankan kò wá.

Ẹ kọ ọjọ́, aago àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sápá òsì. Ẹ kọ “n kò rí ẹyẹ.” Ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ padà síbẹ̀ lọ́la ní aago kan náà.